Alukoro Tó Ń Wúkọ́ ní Kọ̀rọ̀

Bí wọ́n bá ní kí a ka àwọn ojo tó wà ní Joju, lẹ́bàá Sàngó, Díákónì Amos Ṣótúndé la ó kọ́kọ́ kà. A ó wá sinmi díẹ̀, a ó mumi, kí a tó máa wá ẹni tí yóò ṣe ìkejì. Kì í ṣe pé ó kéré lójú o. Géńdé ọkùnrin ni, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé nígbà tí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù Òpópónà Ìṣọ̀kan ń wá alukoro, wọn ò dìbò rárá, wọ́n kàn gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tí kì í gba ẹnu rẹ̀ kọjá: ìpàdé, gọ́tà tó dí, ewúrẹ́ tó sọnù, ẹni tó da omi ìdọ̀tí sójú títì. Ẹnu ló fi ń ṣe ọkùnrin. Ẹ wo inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ ó bá adìẹ níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ gan-an tí Ṣótúndé ti ń wúkọ́. Fọ́máànù ni tẹ́lẹ̀ ní kọ́ńpìnnì irin tó wà lẹ́yìn òpópónà wọn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin, ara mọ́tò tó ti jẹrà, ẹ́ńjìnnì tó ti kú, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀pá tí àwọn bíríkìlà ń lò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri kan. Ikọ́ ni ó fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan, gbogbo òpópónà náà ló ń wúkọ́. Ọ̀pá èéfín kọ́ńpìnnì irin ga ju ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ, ó ga ju mọ́ṣáláṣí wọn lọ, ohun tó sì ń tú jáde dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí obìnrin tí yóò fọ aṣọ funfun níbẹ̀ láìkọ́kọ́ gbójú sókè wo ọ̀pá yẹn. Bí èèyàn bá ṣí dúrọ́ọ̀mù omi sílẹ̀ lọ sọ́jà, kó tó dé, ẹ̀tù dúdú ti bo ojú omi. Wọ́n mọ̀ ọ́n nípa aṣọ, wọ́n mọ̀ ọ́n nípa omi. Nípa àyà ara wọn, wọn ò mọ nǹkan kan. "Afẹ́fẹ́ Joju ni," ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò tó bá béèrè, bí ẹni pé Ọlọ́run dá afẹ́fẹ́ Joju sọ́tọ̀ ni.

Ikọ́ náà ti mọ́ wọn lára débi pé "pẹ̀lẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Bí ẹlẹ́pà bá wúkọ́, ẹni tó ń ra ẹ̀pà á ní pẹ̀lẹ́. Bí pásítọ̀ bá wúkọ́ láàárín ìwàásù, ìjọ á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà," pásítọ̀ á ní, "Àmín." Láti orí ògiri tó la ilé Ṣótúndé àti ilé kejì láàárín ni Jìbírílù tó ń gbé lọ́hùn-ún ti máa ń kí i ní pẹ̀lẹ́ láràárọ̀, tí òun náà á sì dá a padà. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, wọn ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ọdún 2020 ni Kòrónà dé, rédíò sì ní ikọ́ wà lára àmì rẹ̀. Ìdí Ṣótúndé domi.

Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá ń wúkọ́, kí àwọn tó yí i ká tẹ nọ́ńbà kan, àwọn tó wọ aṣọ funfun látòkèdélẹ̀ yóò wá fi ọkọ̀ tó ń han gooro gbé e. Ṣótúndé ń rí i lójú ara rẹ̀ bí ẹni ń wo fíìmù: ọkọ̀ náà níwájú géètì rẹ̀, ojú àwọn ará àdúgbò ní wíńdò, òun Díákónì, òun Alukoro, tí wọ́n ń tì wọnú ọkọ̀ bí olè. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ikú bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ojú tó wà ní wíńdò wọ̀nyẹn bà á lẹ́rù ju ikú lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà ti gbọ́ ikọ́ òun, ìyẹn nìkan ló kù tó ń bẹ Ọlọ́run fún.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jí ikọ́ wú. Bí ó bá ti ń rìn ín lọ́fun, á sáré lọ sẹ́yìnkùlé, á fa okùn jẹnẹrétọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti bú sókè, á di ògiri mú, á wú u débi tí omi á fi máa dà lójú rẹ̀. Tó bá tán, á pa jẹnẹrétọ̀, á nu ẹnu, á fa ṣòkòtò sókè, á wọlé padà bí ẹni tó lọ ṣe iṣẹ́ gidi. Iná NEPA lè wà o! Iná á wà, fáànù á máa yí, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ á tún máa ké lẹ́yìnkùlé.

Ọmọ́wùnmí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án.

"Daddy Àdúrà," ó ní, "èyí tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí, ṣé NEPA lẹ fẹ́ dójú tì ni àbí ara yín?"

"Mò ń warm gẹ́ẹ̀n ni. Tá ò bá ń warm ẹ̀, á knock."

"Ẹ warm ẹ̀ láàárọ̀, ẹ warm ẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ rọra o, kó má lọ gbóná jù yín lọ."

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tó ń ṣe tí ojú á ti ènìyàn láti gbọ́. Ó gbọ́ pé ẹni tí àrùn náà bá mú kì í gbóòórùn mọ́, ló bá gbé abọ́ irú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kó tó gbàdúrà láàárọ̀, á ti imú bọ inú irú. Gbogbo yàrá wá ń rùn bí ìdí ọbẹ̀, Ọmọ́wùnmí sì kó pílò rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Ó tún rí i lórí Wọ́sáàpù pé ẹni tó bá lè sé èémí dáadáa kò ní Kòrónà. Ó wọ balùwẹ̀, ó sé èémí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú, ikọ́ sì mú un níbẹ̀ níbi tí kò ti sí jẹnẹrétọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyìn tantan. Ó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ títí ọrùn fi gbóná nítorí ọwọ́ tó ń kàn án. Ó wá ní ọrùn òun gbóná.

Dókítà obìnrin kan wà lórí rédíò nígbà náà tó máa ń sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ gidi ló ń sọ. Ó ní ìpayà fúnra rẹ̀ ń ṣe ara níṣẹ́. Ó ní kí èèyàn dín ìròyìn tó ń gbọ́ kù, kó máa mí sínú díẹ̀díẹ̀, kó máa mí síta díẹ̀díẹ̀, kó má pa iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tì, kó sì wá ẹni kan tó fọkàn tán, kó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún un. Ṣótúndé jókòó ti rédíò náà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú ọ̀rọ̀ tó tó báyìí, "ẹ fọkàn balẹ̀" nìkan ló mú. Ìròyìn kò dín kù, ńṣe ni fóònù ń sùn sí i lọ́wọ́. Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún ń sùn ní pálọ̀ nítorí irú, kò sọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé gbohùngbohùn, ó bọ́ sójú títì.

"Ẹ fọkàn balẹ̀ o! Ìbẹ̀rù ló ń pani, àrùn kì í pani! Ẹni tó bá fọkàn balẹ̀ kò ní wúkọ́!"

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí jẹnẹrétọ̀ bọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó o, ó tún se àgbo. Ó ya ewé dóńgóyárò, ó gún ata ilẹ̀ àti aáyù sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ó sè é títí gbogbo ilé fi korò. Ó pè é ní Omi Ìfọ̀kànbalẹ̀. Kò tà á. Ìyìn ló ń fẹ́. Ó ń gbé e láti ojúlé dé ojúlé nínú ìgò ràgọ́lísì, àwọn ènìyàn ń gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí ara Joju kì í kọ ọ̀fẹ́, ìbáà jẹ́ májèlé.

Iṣẹ́ ìyanu kan wá ṣẹlẹ̀. Ìjọba ní kónílé-ó-gbélé, ọlọ́pàá dí ọ̀nà ní Sàngó, àwọn kọ́ńpìnnì ti géètì. Kọ́ńpìnnì irin náà pa iná ìléru rẹ̀, ọ̀pá èéfín dúró gbagidi láìtú nǹkan kan. Òjò kan rọ̀, ó fọ àwọn igi máńgòrò, ewé wọn sì wá ní àwọ̀ ewé. Nígbà tó yá, ikọ́ lọ kúrò ní Òpópónà Ìṣọ̀kan. Ti Ṣótúndé náà lọ. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó retí ikọ́, ikọ́ kò wá. Ó lọ dúró ti jẹnẹrétọ̀ bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò, kò rí nǹkan wú.

Ẹni tó ṣe fọ́máànù nídìí ìléru yẹn, tó mọ orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n ń jù sínú rẹ̀, kò gbójú sókè. Ọmọ́wùnmí sá aṣọ funfun tó fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbàgbé rẹ̀ sórí okùn mọ́jú.

"Daddy Àdúrà, ẹ wá wo nǹkan. Aṣọ yìí ṣì funfun nini!"

"Àdúrà ni," ni Ṣótúndé wí. "Àdúrà àti Omi Ìfọ̀kànbalẹ̀."

"Ṣé aṣọ náà mu nínú ẹ̀ ni?"

Ṣótúndé ti gbé gbohùngbohùn. Àwọn ará òpópónà jáde wá, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan dọ̀bálẹ̀ fún un láti ọ̀ọ́kán. Ẹni tó ti ń fi imú gbálẹ̀ nínú irú ní oṣù tó kọjá di bàbá ìsàlẹ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó wá ń fojú ẹ̀gàn wo gbogbo ẹni tó bá ní àyà òun ń já. "Ẹ ò nígbàgbọ́ ni," á ní, á sì fi ọwọ́ gbá àyà tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì yẹn.

Alága ẹgbẹ́ ti sá lọ sí abúlé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà Ṣótúndé ló ń ṣe ìjọba. Ó sì ṣòfin. Ẹnikẹ́ni tó bá wúkọ́ ní Òpópónà Ìṣọ̀kan, inú ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì tó ṣófo lẹ́bàá géètì àbáwọlé ni yóò lọ gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Igi gígùn ni wọn yóò fi ti oúnjẹ rẹ̀ sí i. Ohunkóhun tó bá kó wọnú ṣọ́ọ̀bù náà kò sì gbọdọ̀ padà wọ òpópónà. Àwọn èèyàn ní òfin náà dára. Òfin ikọ́ máa ń dára lójú ẹni tí kò bá wúkọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe é.

Jìbírílù ni òfin náà kọ́kọ́ gbá mú. Ní kọ́ńpìnnì ìyẹ̀fun kan lọ́nà Ìdíròkò ló ti ń ṣe kásúàlù, wọn ò sì ti ibẹ̀ pa nítorí oúnjẹ ni wọ́n ń ṣe. Ojoojúmọ́ ló ń ti ibẹ̀ bọ̀ tí ìyẹ̀fun á bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹja tí wọ́n fẹ́ dín. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dé ẹnu géètì, ó bá Ṣótúndé níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ.

"Ẹ káàsán sà." Ó tẹ̀ ba, ó nawọ́ sí omi. Bó ṣe tẹ̀ ba yẹn ni ikọ́ mú un.

Ẹnu Ṣótúndé ti ń lọ síbi "pẹ̀lẹ́". Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì, ó fò sẹ́yìn, ó fi gbohùngbohùn bo imú.

"Kí nìyẹn?"

"Flour ni, sà. Bá a ṣe máa ń wúkọ́ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ wo orí mi."

"Flour kẹ̀? Èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì? Èmi tí mò ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀, ṣé o gbọ́ tí mo wúkọ́ rí?"

Jìbírílù wò ó. Kì í ṣe ọ̀yájú ènìyàn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi dáhùn.

"Daddy, ẹ̀yin náà máa ń..."

"Èmi máa ń kí ni?"

Inú gbohùngbohùn ni ìbéèrè yẹn ti jáde, Ṣótúndé ò sì mọ̀ pé òun ti tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Gbogbo òpópónà gbọ́ ọ. Ojú yọ ní wíńdò. Ó rí wọn, wọ́n sì dà bí ojú tó rí ní wíńdò lọ́jọ́ tó ń fojú inú wo ọkọ̀ tó ń han gooro yẹn. Bí ọmọkùnrin yìí bá parí gbólóhùn rẹ̀, ó parí fún un. Ló bá nàka sí ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì, ó figbe ta.

"Wọlé síbẹ̀! Ó ti kó o wá! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti ilẹ̀kùn yín!"

Bí ẹ bá ń wá ìwà tó burú ju èyí lọ, ẹ ó rìn jìnnà. Kì í ṣe pé ó gbà pé Jìbírílù ní àrùn. Ó kàn ń dá a lẹ́nu kọ́ ni.

Afeezat, ìyàwó Jìbírílù, jáde pẹ̀lú ìbòmú lágbọ̀n, ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì.

"Ẹ jọ̀ọ́ Daddy, ẹ má bínú. Wọn ò ní dúró dè é níbi iṣẹ́. Kásúàlù ni. Tí ò bá dé lọ́la, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú ní géètì."

"Ẹ̀mí ju iṣẹ́ lọ, ọmọ mi," ni Ṣótúndé wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Fọkàn balẹ̀."

Jìbírílù kó ẹní àti kẹ́túlù àlùwàlá aláwọ̀ búlúù kan wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń fi igi ti oúnjẹ sí i bí ajá. Wọ́n tún ń ti Omi Ìfọ̀kànbalẹ̀ sí i, ó ń ti ẹnu ilẹ̀kùn dà á sídìí ògiri níta, koríko tó wà níbẹ̀ sì kú. Nígbà tí kò fojú kan ìyẹ̀fun mọ́, ikọ́ rẹ̀ lọ. Ṣótúndé kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó ní àgbo òun ti tún ṣẹ́gun. Ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Jìbírílù, ó gba kọ́ńpìnnì ìyẹ̀fun lọ tààrà. Ẹlòmíràn ti wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun àti Afeezat ti kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá Afeezat ní Àtàn. Ẹní àti kẹ́túlù kò bá wọn lọ, òfin ti dè wọ́n mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí Ọmọ́wùnmí bá ọkọ rẹ̀ sọ lórí ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀.

"Ọmọ yẹn ló máa ń kí yín ní pẹ̀lẹ́ lórí ògiri."

"Torí àdúgbò ni mo ṣe ṣe é."

"Mo gbọ́," ó ní, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìjọba dẹ òfin kónílé-ó-gbélé nígbà tó yá, àwọn kọ́ńpìnnì ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì ṣí, nítorí náà Ṣótúndé ṣètò ìdúpẹ́ ojú títì fún ọjọ́ Àìkú. Olúkúlùkù yóò dúró níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìbòmú, òun yóò sì dúró láàárín títì bá wọn sọ̀rọ̀. Ó wọ súùtù tó fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó yọ ìbòmú tirẹ̀ sílẹ̀ kí ohùn lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Lẹ́yìn orí rẹ̀, lókè réré, ọ̀pá èéfín kọ́ńpìnnì irin ti ń tú nǹkan dúdú láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Kò sí ikọ́ mọ́ ní Òpópónà Ìṣọ̀kan! Níbòmíràn wọ́n ń bẹ̀rù, níbí..."

Ó wá. Ikọ́ ọjọ́ pípẹ́ ni, ó ti sinmi, ó ti lágbára. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó gba àyà gbòòrò yẹn kọjá, ó wọ inú gbohùngbohùn, ó sì jáde síta débi pé àwọn ẹyẹ orí wáyà fò. Ṣótúndé tẹ̀ kọdọrọ, ó wú u, ó tún wú u. Gbohùngbohùn ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ìgboro.

Nígbà tó tán, ó gbójú sókè, ó ń retí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí. Láti kékeré rẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn, kò tíì wúkọ́ láàárín ènìyàn kí wọ́n má sọ ọ́ fún un.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó yẹ kí ẹ rí ojú wọn lórí ìbòmú. Ìdajì wọn ló ti ń gbé ikọ́ tiwọn mì láti àárọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí wọ́n bá lanu sọ pẹ̀lẹ́, nǹkan mìíràn ló máa bá a jáde. Ọmọ́wùnmí gbìyànjú. Ó ṣí ẹnu, ikọ́ tirẹ̀ gbá a lọ́fun, ó fi ìborùn dí i, ó sáré wọlé.

Akínyẹmí, lánlọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yunifásítì kan, ló kọ́kọ́ rí ohùn. Kò sún mọ́ ọn.

"Díákónì, with all due respect, sà. Òfin ni òfin."

"Akínyẹmí, ikọ́ mi àtijọ́ mà ni. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n!"

Akínyẹmí wo àwọn yòókù. Àwọn yòókù wolẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ ikọ́ Ṣótúndé, wọn á bi í léèrè nípa tirẹ̀.

"Ẹ gbé mẹ́gáfóònù sílẹ̀ nílẹ̀, sà," ni Akínyẹmí wí. "A máa fi sànítáísà nù ún."

Bí wọ́n ṣe ti Alukoro wọnú ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì nìyẹn, nínú súùtù, tí ojú wà ní gbogbo wíńdò.

Ó bá ẹní Jìbírílù níbẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀. Kẹ́túlù búlúù náà wà ní kọ̀rọ̀. Wọ́n fi igi ti oúnjẹ sí i, wọ́n ti ìgò Omi Ìfọ̀kànbalẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì mu ún ní àmután, ikọ́ kò tilẹ̀ bìkítà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó jókòó síbẹ̀, gílóòbù ń tàn lórí rẹ̀, iná NEPA wà dáadáa. Ló bá gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kan tó bú sókè ní ilé kẹta. Ó ké díẹ̀, ó kú. Kò pẹ́, òmíràn bú ní ọ̀kánkán, òun náà kú. Lẹ́yìn náà ti ilé tó wà ní ìparí títì. Lẹ́yìn náà, ti ilé òun fúnra rẹ̀. Ó mọ ohùn rẹ̀. Ọmọ́wùnmí ló fa okùn.

Ohùn Akínyẹmí wá dún lójú títì, nínú gbohùngbohùn: "Ẹ fọkàn balẹ̀ o! Ẹni tó ń wúkọ́ ti wà ní isolation! Kò sí ikọ́ mọ́ ní..." Ohùn náà dáwọ́ dúró lójijì. Ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé e. Jẹnẹrétọ̀ ilé Akínyẹmí bú sókè.

Ṣótúndé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ó sì wú u kíkankíkan, láìfi nǹkan bo ẹnu.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ohùn obìnrin kan wí láti ìta.

Ó ya á lẹ́nu débi pé ó dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Afeezat ni. Ó ti Àtàn wá gba ẹrù ọkọ rẹ̀, kò sì mọ ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tó kí i. Ẹnu rẹ̀ ló kàn sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹnu gbogbo wọn ti máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo ara wọn.

"Háà. Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

Kò rẹ́rìn-ín, kò ṣépè. Kẹ́túlù ló béèrè. Ṣótúndé wá igi tí wọ́n fi ń ti nǹkan, kò rí i, ló bá gbé kẹ́túlù lọ́wọ́, ó na apá rẹ̀ jìnnà. Afeezat fi ọwọ́ lásán gbà á. Ó gbé e sábẹ́ abíyá, ó gbójú sókè bí obìnrin Joju ṣe máa ń gbójú sókè kó tó sá aṣọ.

"Kọ́ńpìnnì irin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àbí? Láti Ojú Ore ni mo ti ń rí èéfín yín. Kó tó di pé a sọ̀ ní Sàngó, ikọ́ ti mú mi."

Ṣótúndé tẹ̀lé ojú rẹ̀ lọ sókè. Ó rí ọ̀pá náà. Ó rí ohun dúdú tó ń yí jáde lẹ́nu rẹ̀, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òrùlé, sórí okùn aṣọ, sórí gbogbo wọn. Fọ́máànù ni. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun gbogbo tò lọ́kàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ikọ́ tó lọ, ikọ́ tó dé, aṣọ funfun, àgbo tó jẹ́ omi ewé lásán. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, wọn ì bá ṣílẹ̀kùn fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo jẹnẹrétọ̀ ọ̀sán wọ̀nyẹn ì bá sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èéfín, a jẹ́ pé òun kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Bó bá jẹ́ èéfín, a jẹ́ pé ẹni tó mọ èéfín jù lọ ló ti ènìyàn mọ́lé nítorí ìyẹ̀fun. Ojú wíńdò mìíràn ni yóò tún rí.

"Kì í ṣe èéfín," ó ní. "Kòrónà ni. Kòrónà ló mú mi."

Ẹni tí orúkọ àrùn yẹn ti ń lé sídìí jẹnẹrétọ̀, ó wá dì mọ́ ọn bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá rẹ̀.

Afeezat wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, láti ọrùn súùtù dé bàtà tó ti kún fún eruku sìmẹ́ǹtì. Ó gbé kẹ́túlù rẹ̀ dáadáa, ó sì kí i, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń kí àgbà kó tó kúrò níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ìfọ̀kànbalẹ̀ o, Alukoro."

Ó gba ẹnu géètì jáde lọ. Ikọ́ mìíràn ti ń gun Ṣótúndé lọ́fun bọ̀, wíńdò ilé tó kọjú sí i sì ṣí sílẹ̀. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó ń wá okùn jẹnẹrétọ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kò sí níbẹ̀.